Èèwọ̀ Tí Òyìnbó Gbé Wá Sílé Wa

Sí Fábíyì ọmọ mi, ní Àjàṣẹ́.

Ó ti pẹ́ tí a gbúròó rẹ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà, kí inú ọ̀gá rẹ máa dùn sí ọ, kí ilé ìtajà tí o ti ń ṣiṣẹ́ má sì jóná. Àwa náà wà. Àgbàdo yọ dáadáa, ẹyìn ọ̀pẹ sì pọ̀ débi pé ìyá rẹ ń bá igi ọ̀pẹ jà. Oyèlẹ́yẹ, olùkọ́ ìjọ, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má fi ìwàásù kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi ló bí lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn tàgétàgé, tí gbogbo ará Ìkpìnlẹ̀ níbí sì gbà pé ọtí sódábì ni. Bí oòrùn bá ti wọ̀, n kì í rí ọ̀nà mọ́, imú mi ò sì gbóòórùn ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ béèrè láti ẹ̀yìnkùlé pé ta ló ń sun ẹran láìpe òun. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni. Mo tẹ iná, n kò mọ̀.

Nígbà tí dókítà òyìnbó wá gún bupá fún àwọn ọmọdé, ó rí ìrìn mi, ó ní kí n jókòó. Ó fi òòlù kékeré kan lu orúnkún mi, ó wá dúró bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí wọn ò dá lóhùn. Ó bi mí bóyá bàbá mi àti ìyá mi bá ara wọn tan. Mo ní ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ní Oko-Akarè. Ó bi mí nípa ìyá rẹ, mo ní ilé yẹn náà ni, a ò kàn mọ̀ títí a fi ṣe ìdána tán ni. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn yìí ti ń wá, pé ọ̀rá tí ara àwọn ẹlòmíràn ń lò tán, ara mi ń tò ó jọ ni, ó sì ń ba iṣan mi jẹ́, títí kan ti ojú àti ti imú. Ó ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ òun rí ìdílé kan tó ní irú rẹ̀ nílùú òun, ìgbà tí wọ́n sì fi ọ̀rá ẹran sílẹ̀ ni ara tù wọ́n. N kò gbọdọ̀ jẹ ewúrẹ́, àgùntàn tàbí màlúù mọ́.

Kíá ló yé mi. Èèwọ̀ ni. Ìdílé wo ni kò ní? Mo ní kí ògbufọ̀ rẹ̀ bi í léèrè òrìṣà tó ń bọ, ògbufọ̀ kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Fábọ̀dé, olórí ẹbí wa, ní èèwọ̀ tuntun kì í wọlé láìsọ fún àwọn baba ńlá wa, pé a gbọ́dọ̀ pa ewúrẹ́. Mo ní ṣé ewúrẹ́ tí a fẹ́ kọ̀ sílẹ̀ náà ni, ó ní kí la ó tún fi hàn wọ́n tí yóò fi yé wọn? A pa á. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni kó kọ́kọ́ jẹ. Mo jẹ ẹ́, mo lá ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo ń dágbére fún un. Àwọn ará Tatonnonkon náà gbọ́, wọ́n mú àgbò wá bá wa yọ̀.

Lẹ́yìn náà n kò lè dìde mọ́, títí a fi kórè àgbàdo. Ìyá rẹ ló ń gbé mi jókòó, ó ń sunkún, ó ń bú Fábọ̀dé. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ìyá rẹ ti lé gbogbo ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kúrò nínú ìkòkò rẹ̀, mo sì ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ báyìí. Fi owó ránṣẹ́ kí a fi ra adìyẹ, nítorí àwọn tó kù nílé ti ń sá bí wọ́n bá rí mi.

Ìyá rẹ ló ní kí n kọ èyí tó kù. Dókítà ń padà bọ̀, ó fẹ́ rí ọmọ tí a bí. Nígbà tí o wá níjọ́sí tí ilẹ̀ ń ṣú, o dọ̀bálẹ̀ fún odó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, o ní ẹ kúulé, ìyá mi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ nìkan ló wọ yàrá lọ, kò sì tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń ba èmi náà. Má jẹ ẹran níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Máa bọ̀ wálé.

Orí rẹ yóò ṣáájú rẹ, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, tètè gbéra láàárọ̀, kí o lè wọlé kí oòrùn tó wọ̀.

Èmi ni Àlàgbé, baba rẹ.