Epo Ẹ̀rọ Gàrí

Ihunbo, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kọkànlá, 2019

Aṣọ́bodè kan gba kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà lónìí. Ó ní bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ sún mọ́ bọ́dà mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ tí mo fi ń rin gbágùúdá ni mo fẹ́ rọ ọ́ sí." Ó ní kò sí onífàyàwọ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Rédíò ló kó bá mi. Wọ́n ní torí àwa oníṣẹ́ kéékèèké nìjọba ṣe ti bọ́dà, kí ọjà tiwa lè tà. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo hú gbogbo gbágùúdá oko. Ó ti ń dúdú nínú báyìí.

Ìyá ọkọ mi ní ká rẹ ẹ́, ká fi ṣe láfún. Ta ni yóò rà á? Òdìkejì bọ́dà làwọn tó ń ra láfún wa ti ń wá.

Nígbà tí mo ń lọ, aṣọ́bodè yẹn pè mí padà. Mo rò pé àánú mi ti ṣe é.

"Ìyá wa, gàrí Ihunbo yìí máa ń dùn o. Tẹ́ ẹ bá ti yan tuntun, ẹ fi tèmi pamọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Mo tún kúnlẹ̀.