Bàbá, Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Èmi Ni Ẹ Yọ?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ìyé mi, ẹ kú ìdí iná tí ẹ ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú. Bùrọ̀dá Tósìn ní Oǹdó, Àǹtí Fúnmi, Dàre àti Ayọ̀ kékeré, mo kí gbogbo yín. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ìbàdàn ti ba ìwà mi jẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà yìí sórí gúrúùpù Wáásáàpù àwọn ọmọ Ìjù-Odò ìlú wa, torí tí mo bá pè yín, ẹ máa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ẹ mọ̀ pé Àǹtí Ṣadé tí ẹ fi mí fún ń kàwé ní yunifásítì. Ó ń ṣèwádìí lórí iye ọdún tí àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ń lò nílé ìwé. Òun ló rán àwọn tó mú fọ́ọ̀mù wá sílé yín lóṣù tó kọjá. Èmi ni mò ń to àwọn fọ́ọ̀mù náà, lẹ́yìn tí mo bá ti pọnmi, tí mo fọ abọ́, tí mo fọ aṣọ. Ooru ibí fẹ́ pa mí, òjò ilé ń wù mí, kò sì sẹ́ni tó mọ púpurú ní gbogbo àdúgbò yìí. Ó ní òun máa fi mí sílé ìwé ní oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹsàn-án méjì ti kọjá.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ó kọ́ mi ní nǹkan kan. Tí nọ́ńbà bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹ, o lè ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí o pín in dọ́gba, bí ìgbà tí Ìyé mi bá ń pín ẹran. Ìyẹn ni áfáréèjì. Tàbí kí o tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, bíi láìnì àárọ̀ nílé ìwé, kí o mú ẹni tó dúró láàárín gan-an. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni kankan láàárín, àwọn méjì tó wà níbẹ̀ lo máa rò pọ̀, kí o pín sí méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sílé Àǹtí lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fọ́ọ̀mù kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọn kì í kọ orúkọ sí i. Ìjù-Odò. Ilé ẹ̀yìn sọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Bàbá, oko ọ̀pẹ. Ìyá, púpurú. Ọmọ tí wọ́n bí, mẹ́rin. Ọdún nílé ìwé, mẹ́rìnlá, méjìlá, méje, mẹ́ta. Mo mọ̀ wọ́n: Tósìn. Fúnmi. Dàre. Ayọ̀. Mo yí ìwé náà padà, bóyá èmi wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ṣófo.

Mo lọ sunkún ní balùwẹ̀. Nígbà tí mo pe Ìyé mi, wọ́n ní n má bínú, pé bí àwọn ṣe gbọ́ pé àwọn tó mú fọ́ọ̀mù wá fẹ́ ka ọmọ ni àwọn ti dìde lọ sídìí iná, ó ku Bàbá nìkan. Wọ́n ní Bàbá ò gbàgbé mi, pé tí àlejò bá bèèrè iye ọmọ nílé wa, ẹnì kan ni wọ́n máa ń yọ, kí ẹni burúkú má bàa mọ iye tó pé. Mo mọ̀. Ó dáa, ẹ yọ ẹnì kan. Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Bùrọ̀dá Tósìn náà ò sí nílé, ẹ kà á. Ayọ̀ ò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, ẹ kà á! Àbí ojú ń tì yín láti sọ fún àlejò pé ọdún mẹ́jọ péré ni tèmi? Ta ló yọ mí nílé ìwé ní JSS Tuu, Bàbá?

Mo ní kí Àǹtí jẹ́ kí n kọ mẹ́jọ mi síbẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní èèyàn kì í fi ohun tí onílé ò sọ sí i lẹ́nu, àfi tí Bàbá bá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Mo pariwo mọ́ ọn pé irọ́ ni gbogbo ìwé rẹ̀. Kò nà mí. Ó ní òun máa pè yín ní Sátidé, kí òun bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo wá ṣe ìṣirò tèmi sórí bébà. Láìsí èmi, áfáréèjì yín jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Mo fi ara mi sí i, kò wálẹ̀ tó oṣù mẹ́ta. Gbogbo ìtìjú tí ẹ ń sá fún nìyẹn. Mo wá tò wọ́n ní láìnì. Mẹ́ta, méje, méjìlá, mẹ́rìnlá. Àárín bọ́ sórí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, kò sì sí ọmọ yín kankan tó lo mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Mo fi ara mi sí i. Mẹ́ta, méje, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìnlá. Èmi ni mo dúró láàárín.

Bàbá, kí ẹ tó lọ sóko ní Sátidé ni Àǹtí máa pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Ẹ sọ pé márùn-ún. Tó bá sì jẹ́ dandan kí ẹ yọ ẹnì kan, ẹ yọ ẹlòmíì lọ́tẹ̀ yìí.

Kí Olúwa dá yín sí fún mi. Kí ọ̀pẹ yín so, kí èéfín má ba ojú Ìyé mi jẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará sọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì sọ fún Ayọ̀ pé mi ò bá a jà.

Èmi ni ọmọ yín, ìkẹta nínú márùn-ún,
Bọ́sẹ̀dé.