Ẹ Lọ Wo Fíìmù Ọmọ Yín

Olówó orí mi,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ yín wà lórí sítóòfù, ẹ gbé e kaná.

Ẹ bínú, ẹ má bínú, mo wo fíìmù ọmọ yín lánàá. Kò dùn. Àwàdà inú ẹ̀ ò lè pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ọmọ yín nìkan ló gbé e dúró. Ó ṣe onílé tó máa ń kanra mọ́ àwọn ayálégbé; bí ẹ̀rín bá ti fẹ́ pa á, á fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, á máa húkọ́ ẹ̀tàn. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí? Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún.

Látìgbà tó ti fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ lọ ṣeré lẹ ti ní ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Òun ò gbàgbé bí ẹ ṣe ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Tíkẹ́ẹ̀tì yín wà lábẹ́ àwo. Ẹ mú áńkáṣíìfù dání.