Ilé Ìgbẹ̀bí Tó Fẹ́ Di Ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ sórí pápá wa. Nígbà tí àdúgbò yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé, ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ kọ́ fún wa. Mo bi Ẹ̀gbọ́n, tó ń ṣe bíríkìlà lọ́dọ̀ wọn, pé apá ibo ni yàrá ìrọbí máa wà. Ó ní, "Àbúrò, má bi mí." Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀gbọ́n ti jẹ́wọ́ fún mi — ṣọ́ọ̀bù lọ bẹẹrẹ.
Àdúgbò pé jọ síbi tí mo ti ń dirun. Wọ́n ní èmi lẹnu mi mú jù, kí n bi Ẹlẹ́nu-dídùn léèrè níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ yẹn ni. Ẹnu ẹ̀ yọ obì lápò, ó sì yọ ilẹ̀ lọ́wọ́ wa.
Wọ́n lọ tán, Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ó ní bí mo bá fi lè sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Ìyàwó ẹ̀ sì ń retí ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta
Mo dirun fún ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Oyún ẹ̀ ti wọ oṣù ìbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta
Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú kún. Ẹlẹ́nu-dídùn ní àwọn ò ṣèlérí ilé ìgbẹ̀bí rí — "ìlera àdúgbò" làwọn sọ, wọ́n á sì máa ta oògùn nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Mo dìde. Mo rí Ẹ̀gbọ́n nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Mo jókòó padà.
Ẹ̀gbọ́n ló wá dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ gba ilẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí lẹ pè é. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ fún yín."
Alága ìgbìmọ̀ ní kí iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta
Wọ́n lé Ẹ̀gbọ́n. Àwọn lébìrà yòókù náà jókòó sílé torí iṣẹ́ ti dúró. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn rí mi lójú ọ̀nà, ó yíjú.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta
Inú mọ́tò ni ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bímọ sí láàárọ̀ yìí. Ọsibítù ṣì jìn. Èmi ni mo gbẹ̀bí — èmi, onídìrí. Ọmọbìnrin. Ó pẹ́ kó tó ké. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ojú mi rí kó tó ké.
Ara ìyá àti ọmọ le.
Wọ́n ní Ẹlẹ́nu-dídùn ti lọ bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù máa lọ. Ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Ajé. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé lọ́tẹ̀ yìí, kó jókòó. Èmi ni màá dìde.