Ààrò Abúlé Kan ní Jámánì àti Ààrò Tiwa ní Agége

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru, ẹ kú èéfín, ẹ kú ìdúró lẹ́nu ààrò. Èmi Múrí, àkọ́bí yín, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Jámánì níbí, bí ẹ ò tiẹ̀ rí mi. Mo kí Àlàájì Lásísì, ẹ̀gbọ́n yín, mo ní kí wọ́n kú àdúrà tí wọ́n ń gbà lé wa lórí. Mo kí Sẹ̀kínà àbúrò mi, tí mo mọ̀ pé níbi tó ti ń gbọ́ lẹ́tà yìí, fúláwà ṣì wà lára rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì wa, àtàwọn ìyá tó ń wá gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ tà láàárọ̀.

Mo mọ̀ pé inú lè bí yín pé mo kó ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara mọ́ ọn. Tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ̀yin á ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, Àlàájì náà á ní àwọn ò gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ẹbí ni yóò kà á, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ńbẹ̀.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ẹ ní Sẹ̀kínà wá bá yín, ó ní tí ilé búrẹ́dì ò bá ní di tòun, òun á kúkú lọ gba àyè ní Abúlé Ẹ̀gbá, òun á mọ ààrò tòun síbẹ̀. Ẹ ní Àlàájì faraya, wọ́n ní àkọ́bí ọkùnrin ló ni ibẹ̀, kí Sẹ̀kínà lọ fara balẹ̀. Ẹ wá ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, ṣé mò ń bọ̀ wá gba ilé búrẹ́dì àbí mi ò bọ̀. Ẹ ní tí mo bá ti lè sọ pé mò ń bọ̀, ẹ ó ní kí àbúrò mi máa dúró dè mí. Kí n tó dá yín lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn abúlé tí mò ń gbé fún yín. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn.

Abúlé náà lórúkọ o, àmọ́ ahọ́n á lọ́ mọ́ yín lẹ́nu kí ẹ tó pè é tán, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Abúlé àgbẹ̀ ni. Tí ẹ bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹ ó rí ìbẹ̀rẹ̀ abúlé, ẹ ó rí òpin rẹ̀. Kò tó àtilé wa dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Oko màlúù kan ṣoṣo tó kù ńbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ màlúù Oko Ọba níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, tó jẹ́ pé tó bá ti débẹ̀ ọ̀rọ̀ ti bùṣe, tí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń kẹ́ màlúù níbí, ẹ ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rọ wà tó ń bá wọn họ ẹ̀yìn! Ẹ̀rọ mìíràn ló ń fún wàrà, èmi ni mò ń so ó mọ́ wọn lọ́mú. Iṣẹ́ ò burú. Òtútù ni kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Nígbà òtútù, kí n tó kírun Alaásárì tán, ilẹ̀ ti ṣú. Èèyàn lè rìn já abúlé láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó má rí ẹni tó máa kí. Mo ti kí igi rí, wàláhì. Mo ní kó kú ìdúró.

Ẹni tó sọ ìtàn abúlé fún mi ni Màmá Hẹ́dì, ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá kan nínú ọgbà oko màlúù náà. Gbogbo ayé ló ń pè wọ́n ní Hẹ́dì lásán, tọmọdé tàgbà. Ẹnu mi ò gbà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè wọ́n ní Màmá, wọ́n wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ. Ní báyìí, tí mo bá pẹ́ kí n tó gbé wàrà wọlé, àwọn gan-an á máa bi mí pé ibo ni ọmọ àwọn wà látàárọ̀.

Màmá Hẹ́dì ní láyé àtijọ́, ààrò búrẹ́dì kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé ní. Koríko ni wọ́n fi ń bo òrùlé nígbà náà, tí iná bá ràn nílé kan, abúlé á jóná tán, ni wọ́n bá ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má yan búrẹ́dì nílé. Wọ́n kọ́ ilé olókùúta kékeré kan sójú ọ̀nà, wọ́n mọ ààrò sínú ẹ̀. Oníkálukú á po fúláwà tiẹ̀ nílé, á gbé e wá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lò ó. Ààrò náà wà títí dòní, wọ́n sì máa ń dá iná sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà ooru láti fi rántí àwọn baba wọn.

Èyí tí wọ́n ṣe kọjá, wọ́n ní kí èmi náà wá yan tiwa, torí mo ti ń fi búrẹ́dì Agége yangàn létí wọn. A ṣẹ́ kèké, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ pé èmi ni màá ṣíwájú. Háà, inú mi dùn! Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí koríko. Mo ní kí wọ́n ṣeun tí wọ́n fi àlejò ṣíwájú, mo ní níbi tí mo ti wá, ẹni tí wọ́n bá fi ṣíwájú, wọ́n yẹ́ ẹ sí ni. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá Hẹ́dì na ọ̀pá wọn sí òkìtì igi ìdáná. Àṣé ẹni tó bá ṣíwájú ló máa fi igi tiẹ̀ mú ààrò tútù gbóná, àwọn tó wà lẹ́yìn á kàn wá jẹ̀gbádùn ooru rẹ̀ ni. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké nìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwájú. Mo ru igi títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Búrẹ́dì náà jáde, Màámi. Kò sí ẹ̀rọ tí mo lè fi yí fúláwà bíi tilé, ọwọ́ ni mo fi pò ó, síbẹ̀ ó rọ̀, ó funfun, ó sì ń ta sánsán. Búrẹ́dì tiwọn dúdú, ó sì le bí òkò, ni wọ́n bá ń bi mí ṣé kéèkì ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán láìfi nǹkan kan sí i. Èmi bu ìdí ọ̀kan, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé ààrò, mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Òórùn yẹn gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ yín.

Màmá Hẹ́dì wá bá mi ńbẹ̀, wọ́n sì jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ìyókù. Wọ́n ní ogun àgbáyé kejì kó àwọn ọkùnrin abúlé lọ, ọ̀pọ̀ ò padà. Lẹ́yìn ogun, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú wọn rọ́ dé tẹrùtẹrù, oníkálukú sì yọ yàrá fún wọn. Ààrò kan náà ló bọ́ gbogbo wọn. Nígbà tó yá, wọ́n so àwọn oko kéékèèké pọ̀ di ńláńlá, katakata dé, àwọn ọ̀dọ́ lọ síṣẹ́ ilé ìṣẹ́ nígboro. Ilé ìwé tì, ṣọ́ọ̀bù tì, oko ń kú níkọ̀ọ̀kan.

Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ ni oko màlúù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Wọ́n ní bàbá àwọn ni. Màámi, ẹnu yà mí. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Hánsì, tó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun. Bàbá wọn ní Hánsì ló ni oko, kí Hẹ́dì máa bá a tọ́jú rẹ̀. Hẹ́dì ló ń fún wàrà, òun ló ń kọ ebè, òun ló ń ru igi lọ sí ààrò. Ọkùnrin kan fẹ́ ẹ, ó ní kí àwọn jọ máa dá oko náà. Bàbá ní oko Hánsì ni. Ọkùnrin náà dúró títí, ó sú u, ó lọ. Hánsì ò fìgbà kan sọ pé òun ò bọ̀. Ó máa ń ní kí òun ṣe ti Amẹ́ríkà tán ná, kí ọmọ òun dàgbà díẹ̀ ná. Bàbá kú, wọ́n ṣì ń gbá yàrá Hánsì. Ìgbà tí Hánsì darúgbó ló tó wá, ó dúró lójúde, ó sunkún, ó ta oko fún ẹlòmíì, ó padà lọ. Ẹni tó rà á ló ṣàánú Màmá Hẹ́dì tó ní kí wọ́n máa gbé yàrá kan nílé tí wọ́n bí wọn sí.

Mo bi wọ́n ṣé wọ́n ń bínú sí Hánsì. Wọ́n ní rárá, Hánsì fẹ́ràn ilé ju bí àwọn gan-an ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ohun tó dun àwọn ni pé ká ní ó ti sọ pé òun ò bọ̀ nígbà tí ara àwọn ṣì le ni, àwọn ì bá ti mọ ibi tí àwọn máa kọ́ ilé ayé àwọn sí.

Màámi, àárò yín ń pa mí. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìpo-fúláwà wa nígbà tí kò sí nǹkan tó ń dún níbí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbà pé ọdún tó ń bọ̀ ni màá wálé, ọkàn mi ni mo fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwó mi wà níbí, èdè àwọn èèyàn yìí sì ni àwọn ọmọ mi fi ń lálàá. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lójú gbogbo ayé: mi ò bọ̀ wá gba ilé búrẹ́dì.

Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún Sẹ̀kínà. Mi ò ní kó bá mi tọ́jú ẹ̀ o, kó di tiẹ̀ ni mo wí, tiẹ̀ pátápátá. Àlàájì, ẹ ṣeun tí ẹ ń gbèjà mi, èmi tí ẹ ń jà fún ló ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Sẹ̀kínà, tó bá wù ọ́, wó ààrò náà kó o mọ tuntun, má bi mí. Lọ́jọ́ tí mo bá wá kí yín, màá tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn oníbàárà, màá ní kó o fún mi ní èyí tó gbóná, màá sì san owó mi. Má kọ owó náà o, ṣebí o mọ̀ pé ọjà ni.

Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa, Màámi. Kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pàdé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn tó bá ṣì ń bèèrè mi. Mi ò ní ìpín nínú ilé búrẹ́dì mọ́, ẹ má torí ìyẹn yọ mí kúrò lọ́mọ.

Èmi ni,
Múrí, ọmọ yín.