Orúkọ Kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Àkúrẹ́. Ara wa le. Ọmọ-ọmọ yín ti ń rìn, ó sì ń fọ́ àwo.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa tí a fi ń tẹ ìwé ìbí? Èmi ni mo kọ prógíráàmù rẹ̀. Fọ́ńkíṣọ̀n kan wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ díẹ̀ tí a kó jọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo: a ó fún un ní orúkọ ọmọ, yóò tò wọ́n sórí ìwé. Mo kọ ọ́ kí ó máa gba orúkọ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Mo ní mẹ́ta tó ènìyàn.

Ta ló kọ́ mi ní ìyẹn? Kì í ṣe ẹ̀yin. Nílé wa ní Ìpótì, gbogbo ẹbí tó bá wá síbi ìsọmọlórúkọ ló ń fún ọmọ lórúkọ, a kì í dá ti ẹnikẹ́ni padà. Méje ni tèmi. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ ó pe méjèèje tán kí ẹ tó dá mi lóhùn, ebi ì báà máa pa mí.

Àìsàn kò jẹ́ kí ẹ wá sí ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Ẹ fi orúkọ tiyín rán dírẹ́bà ọkọ̀ èrò kan, ó dé lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ: Ọmọ́yẹni. Orúkọ mẹ́ta ti pé. Mo lè tún prógíráàmù náà ṣe, ọ̀lẹ ni mo ṣe. Mo tẹ ìwé náà láìfi tiyín sí i, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ gbé e kọ́ ògiri yàrá yín. Ṣé ẹ bínú ni?

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo tó wò ó dáadáa. Lábẹ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti fi pẹ́ńsùlù tí kì í kúrò létí yín kọ Ọmọ́yẹni. Ó dùn mí, Bàbá. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti tún fọ́ńkíṣọ̀n náà kọ. Iye orúkọ tí a bá fún un ló ń gbà báyìí: ọ̀kan, méje, ogún. Ṣùgbọ́n kò lè dá mọ ìgbà tí orúkọ tán. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ fi òdo sí ìparí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ka ìkàkukà lọ. Mo kọ orúkọ mẹ́ta, mo kọ tiyín tẹ̀lé e. Ó pẹ́ kí n tó lè tẹ òdo náà.

Ìwé tuntun ti wà lára ògiri yàrá yín. N kò yọ èyí tí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ kúrò.

Ẹ sùn re.

Èmi ni,
ọmọ yín olórúkọ méje, tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ tán mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.