Káàdì Ìdìbò Mi Tí Ẹ Mú Lọ

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlú Ọba níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Táyọ̀, àti gbogbo ará ilé wa ní Ìjàgbà.

Ọ̀rọ̀ ìbò tó kọjá yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bùrọ̀dá pè mí, wọ́n ní ẹ mú káàdì tiyín àti tèmi dání, ẹ wọ aṣọ tó dáa, ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìbò pé ẹ fẹ́ bá ọmọ yín tó wà lókè òkun dìbò ná, kí ẹ tó di tiyín. Ni ọlọ́pàá kan bá jágbe mọ́ yín pé ọ̀daràn ni yín. Ìtìjú mú yín, ẹ padà sílé láìdi tiyín.

Màmá, ẹ ò ṣe nǹkan burúkú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Nígbà tí ẹbí ń pín ilẹ̀ Bàbá, ṣebí lójú iṣẹ́ ní Àbújá ni Bùrọ̀dá wà? Ẹ̀yin lẹ dúró fún wọn, ẹ ní apá ibi tí odò wà ni wọ́n fẹ́, àwọn àgbà sì gbà á bí ẹni pé Bùrọ̀dá fúnra wọn ló jókòó níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí ẹbí gbà, ìjọba ò gbà á?

Níbí ńkọ́? Òtútù ń wọ egungun mi. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Òfin wọn gba ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi láyè láti dìbò, torí abẹ́ ìjọba wọn la wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò wọn, mo fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti màmá kan nínú àwọn arúgbó náà lọ síbẹ̀, àwa méjèèjì sì dìbò. Màmá yìí máa ń gbàgbé orúkọ ọmọ wọn. N kò bínú sí wọn o, ìlú wọn ni. Èmi ni n kò mọ ẹnì kankan nínú àwọn orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn. Mo kàn sàmì síwájú ọ̀kan, mo jáde, mo sì sunkún.

Bùrọ̀dá ní ẹni tó bá ti kúrò nílùú ti gbé ẹnu rẹ̀ lọ, pé ẹni tó ń rin ọ̀nà oko tó bàjẹ́ ló yẹ kó yan ẹni tí yóò tún un ṣe. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀ ń rin ọ̀nà náà, ẹ̀yin lẹ ṣubú níbẹ̀ tẹrùtẹrù, torí káàdì tèmi lẹ ò sì ṣe dìbò. Kí ni mo lè ṣe láti ibí? Apá mi ò ká a.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí i, ṣùgbọ́n bí mo bá kú síbí, ẹ ó gbé òkú mi wálé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò ní ẹ ò lè dúró fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi káàdì mi sínú àpótí. Nígbà ìbò mìíràn, tiyín nìkan ni kí ẹ mú dání. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀ lọ́nà oko mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fẹ́ bá dìbò,
Bọ́sẹ̀dé